Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgò Ṣì Ń Jẹun

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdágbére fún mi lẹ́nu iṣẹ́, Dókítà Akínlàjà dìde, ó sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó wá ní, "àti àwọn ará láàbù wa náà." Èmi tí wọ́n torí rẹ̀ pe gbogbo èèyàn jọ ni "àwọn ará láàbù wa náà." Mo jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi, mo rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, mo padà sí ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo sì sọ fún ara mi pé ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ, ọwọ́ mi yóò kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. N kò ní fi bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi gba àkókò yín: mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, owó náà kò tó, kò sì tó títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń parọ́, àti irú èèyàn tó ń mú un parọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Àlàájì Gbádébọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó máa ń lọ kóòtù funfun rẹ̀ títí tí etí rẹ̀ á fi mú bí abẹ. Láràárọ̀, kí àwa mẹ́ta tí à ń kọ́ṣẹ́ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ó na ọwọ́ jáde, á wò ó. Bí èékánná rẹ bá gùn, ilé ni wàá padà sí lọ gé e. Bí o bá fín lọ́fíńdà wá, ìta ni wàá wà títí afẹ́fẹ́ á fi gbé e lọ. Nígbà yẹn, ẹnu la fi ń fa ẹ̀jẹ̀ sókè nínú ìgò gbọọrọ, a ó sì fi ojú wo bí àwọ̀ omi inú rẹ̀ ṣe yí padà. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni á dé ahọ́n rẹ. Ó ti dé ahọ́n mi rí. Ọ̀gá ní kí n fi omi yọnu kí n sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Àmọ́ ohun tó burú jù lójú Ọ̀gá ni ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò kọ aago sí lára. Orúkọ aláìsàn kò tó, ọjọ́ kò tó. Aago tí abẹ́rẹ́ wọ inú iṣan gan-an ló ń béèrè. Bí kò bá sí níbẹ̀, á da ẹ̀jẹ̀ náà nù lójú rẹ, á ní kí o padà lọ bẹ aláìsàn kó fún ọ ní òmíràn. Mo ti kúnlẹ̀ bẹ bàbá arúgbó kan rí ní wọ́ọ̀dù nítorí èyí. Bàbá náà wo apá rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọmọbìnrin yìí, ṣé kànga lo rò pé mo jẹ́ ni?"

Mo fajú ro padà dé láàbù. Ọ̀gá rí mi.

"O ń bínú sí mi?"

"Rárá, sà."

"O ń bínú. Ká apá aṣọ rẹ sókè."

Ó fa ẹ̀jẹ̀ èmi gan-an, ó pín in sí ìgò mẹ́jọ, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó ní kí n máa wọn ṣúgà inú ìgò kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán. Ṣúgà inú ìgò kejì kéré sí ti àkọ́kọ́. Ti ẹ̀kẹta tún kéré sí i. Nígbà tí mo fi dé ìgò kẹjọ, bí ẹni pé n kò jẹun láti àná ni.

"Ta ló ń jẹ ṣúgà yẹn?" ni Ọ̀gá bi mí.

"N kò mọ̀, sà."

"Ta ló wà nínú ìgò?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti kúrò lára rẹ láti àárọ̀, ebi ṣì ń pa á. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń su àsìdì síbẹ̀. Tí o bá fi sílẹ̀ títí di ọ̀sán kí o tó wọ̀n ọ́n, ìdúró lo wọ̀n, o ò wọn èèyàn."

Ó ní kí n lọ jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ àwọn ìgò náà, kò sì tún sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti ibẹ̀, mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ìhà Ìkòtún, níbi tí mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí bí irinṣẹ́ ṣe ń yí padà. Fífi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ di èèwọ̀. Ẹ̀rọ kan tó tóbi bíi fíríìjì dé, a fi aṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òmíràn dé tó jókòó sórí tábìlì, tó ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀rọ ń kéré sí i, ọpọlọ àwọn kan náà sì ń bá a kéré lọ.

Ẹ̀rọ orí tábìlì yìí ló mú lákítéètì wọ ilé wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kòkòrò àrùn lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, kí ara sì bá a jà débi pé á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ara rẹ̀ jẹ́. Kíndìnrín á máa kú lọ, ẹ̀dọ̀fóró á máa kún, ọkàn á máa sáré. Àwọn ẹ̀yà ara tí wàhálà ti bá yóò wá máa tú àsìdì kan sínú ẹ̀jẹ̀. Òun là ń pè ní lákítéètì. Lára ẹni tó le, nọ́ńbà rẹ̀ kì í kọjá méjì. Bó bá ń lọ sókè láti wákàtí dé wákàtí, ewu ń pọ̀ sí i. Bó bá ń wálẹ̀, oògùn ti ń ràn án, ẹni náà lè yè é. Àwọn nǹkan míì wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí a máa ń wò pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n lákítéètì ló ń yára sọ̀rọ̀ jù. Òun náà ló sì rọrùn jù láti bà jẹ́, nítorí àsìdì yìí kan náà ni ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò ń su nígbà tó bá ń jẹun.

Báyìí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Iná ìjọba kì í dúró. Jẹnẹrétọ̀ ńlá á ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé méjìlá, wọ́n á pa á kó sinmi, wọ́n á tún tàn án láago mẹ́rin. Bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ inú yàrá ìtọ́jú àkànṣe ró kò dé láàbù. Tí dókítà bá ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn nọ́ọ̀sì á fà á, wọ́n á tò ó sínú àwo pupa kan lẹ́bàá fèrèsé wa, oòrùn á máa ràn sí i, á máa dúró de iná. Àwo Adúródená ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún Dókítà Akínlàjà, ẹni tó jẹ́ olórí yàrá ìtọ́jú àkànṣe, pé èyí kò dára. Mo ní ó kéré tán kí wọ́n máa lo ìgò olómorí eérú, èyí tí iyọ̀ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa jẹun, kí wọ́n sì gbé e sínú yìnyín.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹja tútù. Kò ní rà kí iná tó dé."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo padà sí láàbù.

Èyí tó kàn yìí ni mo máa ń fẹ́ fò, àmọ́ mo ti pinnu pé n kò ní fò ó. Wọ́n gbé bàbá tíṣà kan wá láti Àgbàdo, ẹni àádọ́rin ọdún, kòkòrò ti inú ìtọ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú àwo láti ọ̀sán títí iná fi dé. Mo wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ mọ́kànlá. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fọwọ́ sí i, mo fi ránṣẹ́. Akínlàjà pe àwọn ọmọ bàbá, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé kó lè kú láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin rẹ̀ wá gba ìwé kan. Mo kí i kú àṣẹ̀hìndè, mo sì béèrè pé ṣé bàbá dé ilé kó tó lọ.

"Ó délé, mà. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Ó mu ọ̀gì. Lọ́jọ́ kẹta ó ń bi wá pé ìgbà wo la máa gbé òun padà wá sọ́dọ̀ dókítà."

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹni tí lákítéètì rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá lóòótọ́, tí wọ́n wá já gbogbo omi àti oògùn kúrò lára rẹ̀, kò ní fi ọjọ́ mẹ́rin mu ọ̀gì. Nọ́ńbà náà parọ́, èmi ni mo sì fọwọ́ sí irọ́ náà. Akínlàjà kọ́. Èmi. Mo mọ òfin tí wọ́n fi kọ́ mi, mo sì jẹ́ kí àwo kan borí mi.

Mo lọ sọ fún un ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Àgbàlagbà ni, ó ti tó lọ." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún mi ní kúẹ́rì pé láàbù ń ṣe iṣẹ́ àìbìkítà. Ó ti sáré lọ sọ tirẹ̀ kí n tó sọ tèmi. Mo fi ojú ìwé mẹ́ta dáhùn, mo ní kí wọ́n gbé àwo náà kúrò. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti inú àwo wá, mo máa ń fi bírò pupa kọ iye wákàtí tó fi dúró sí abẹ́ èsì rẹ̀. Akínlàjà kì í kà á. Nọ́ńbà ló ń kà, kì í ka ọ̀rọ̀.

Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí wọ́n gbé Rìsíkátù dé láti Ayọ̀bọ̀. Aránṣọ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ti bímọ ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, ibà sì gbé e dálẹ̀, kòkòrò ti ibi ìbímọ wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n gbé e wọ yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun lẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀ sáré gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá, mo wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀: márùn-ún. Kò dára, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn àti omi.

Lọ́sàn-án, wọ́n rán mi lọ gba èlò ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ìgbà tí mo fi dé, aago mẹ́rin ti kọjá, iná ti dé, ẹnì kejì mi ní láàbù ti wọn gbogbo ohun tó wà nínú àwo, ó sì ti fi èsì ránṣẹ́ sókè. Mo pàdé ọkọ Rìsíkátù, Múfútáù, tó ń lẹ táìlì ilé, níwájú àtẹ̀gùn. Ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù: "Ẹ ká àga ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ tẹ́ mátíràsì sí i."

"Ta ni ẹ fẹ́ gbé?" ni mo bi í.

"Ìyàwó mi ni, Màmá Láàbù. Dókítà ní márùn-ún ti di mẹ́jọ, pé oògùn ò ràn án mọ́. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ sílé."

Mo yà sí láàbù. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ìyábọ̀ kọ sára ìgò Rìsíkátù, kì í sì í ṣe ìgò olómorí eérú. Wákàtí mẹ́rin nínú oòrùn. Mo wá rí ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwo. Wọ́n fà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ti Rìsíkátù, wọ́n sì kọ orúkọ sí i: Dókítà Akínlàjà. Ó ti ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun fún àyẹ̀wò ọdọọdún rẹ̀.

N kò gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ, ẹ má sì kọ́ èyí lára mi. Mo wọn lákítéètì rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní mẹ́rin.

Mo tẹ èsì náà jáde, mo gun àtẹ̀gùn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Rìsíkátù, ó ń kọ ìwé pé kí wọ́n yọ omi lára rẹ̀.

"Dókítà, ẹni tí lákítéètì rẹ̀ bá kọjá mẹ́rin, kí ni ẹ máa ń ní ká ṣe fún un?"

"Màdáàmù, mi ò ráyè ìdánwò."

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn, jàre."

"A máa gbé e wọ yàrá yìí ni. Kí ló dé?"

"Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa bọ́ bàtà yín kí ẹ tó gorí rẹ̀."

Mo na ìwé sí i. Ó kà á, ó rí orúkọ ara rẹ̀, ó tún un kà. Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀ yí ojú sí ògiri, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ wọn lákítéètì mi?"

"Ẹ fún mi ní kúẹ́rì lọ́la. Inú àwo kan náà ni ẹ̀jẹ̀ yín àti ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí jọ wà láti ọ̀sán. Ṣé ẹ̀yin náà ń kú lọ ni? Ẹ jẹ́ kí n fa òmíràn."

"A ti gún un tó."

Múfútáù ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Dókítà, ṣé ẹni tí ẹ ní kí n gbé lọ kó lọ kú ni? Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wá le jù fún un, àbí?"

Akínlàjà sún sẹ́yìn. Mo fa ẹ̀jẹ̀ náà sínú ìgò olómorí eérú, mo kọ aago sí i. Ìyábọ̀ gbé abọ́ yìnyín wá láti inú fíríìjì oògùn, ó sì ṣáájú mi sọ̀kalẹ̀, ó ń pariwo, "Ẹ yà! Ẹ yà fún wa!" Mo bojú wẹ̀yìn, mo ní, "Dókítà, ẹ máa bọ̀. Ojú yín ni kó rí i." Ó tẹ̀ lé wa.

Ìṣẹ́jú méjì péré ni ẹ̀rọ náà ń lò. N kò tíì rí ìṣẹ́jú méjì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwo náà ń parọ́. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ tó wà lábẹ́ irọ́ náà máa dára. Ó lè jẹ́ mẹ́fà. Ó lè jẹ́ méje, kí n sì ti dójú ti ara mi, kí n tún ti fi ìrètí lásán da ọkùnrin yẹn láàmú.

Mẹ́ta ni.

"Ẹ tún un ṣe," ni Akínlàjà sọ.

Mo tún un ṣe. Mẹ́ta. Láti márùn-ún ní àárọ̀ sí mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́. Oògùn ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà ti ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ wa láti ọ̀sán, àwa là ń múra láti lé e padà.

Ó gun àtẹ̀gùn padà, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Múfútáù dìde. "Ọkọ̀ ti dé géètì, sà. Ṣé kí wọ́n wọlé?"

"Rárá," ni Akínlàjà sọ. "Ó ń dúró."

"Báwo ló ṣe ń dúró?"

Ó sọ nǹkan kan sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, ẹ sọ ọ́ sókè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ò gbọ́."

Ó sọ ọ́ sókè pé ara rẹ̀ ti ń yá, pé wọn kò gbọdọ̀ gbé e lọ síbì kankan. Màmá arúgbó náà wò ó látòkè délẹ̀, ó sọ "Àlùhámúdù lílààhì," ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀: "Múfútáù, kí wọ́n gbé mátíràsì inú ọkọ̀ yẹn wọlé fún mi. Ẹ̀yìn ti ń ro mí láti àárọ̀." Wọ́n gbé e wọlé. Orí mátíràsì tí wọ́n fẹ́ fi gbé Rìsíkátù lọ sílé kó lọ kú ni ìyá ọkọ rẹ̀ àti ọmọ tuntun sùn sí lọ́jọ́ náà, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń hanrun.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, lákítéètì ti wọ ibi tó yẹ kó wà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, Rìsíkátù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

N kò gba kúẹ́rì kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kí oṣù náà tó parí, wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, tó ń lo bátìrì, tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ pé Akínlàjà ti ń kọ́ àwọn dókítà kékeré pé òun ò gbà kí ẹ̀jẹ̀ dúró rárá. Òun! Wọ́n tún ní kọ̀ǹpútà ti wà báyìí tó ń pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tó sì ń sọ ẹni tó máa yè. Mo gbà, ó dára. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Àwọn kan ń sọ pé àgbà tó ti fẹ̀yìn tì yẹ kó ti dárí ji gbogbo èèyàn. N kò tíì ṣe é. Ọ̀rọ̀ bàbá tíṣà ará Àgbàdo ṣì ń bí mi nínú sí ara mi, ti Akínlàjà sì ń bí mi nínú sí Akínlàjà. Ṣùgbọ́n mo borí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé n kò borí, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ayọ̀bọ̀, ẹ béèrè Rìsíkátù aránṣọ. Ẹ lọ ní àárọ̀, nítorí àwọn oníbàárà pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í sì í ráyè sọ̀rọ̀ tó bá di ọ̀sán.